Kí Ni Ó Ń Di Ògiri Mú?

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yin ará wa ní agbègbè Atakpamé, bí ẹ bá ń fi amọ̀ mọ ilé, kí ló dé tí ẹ fi ń po koríko gbígbẹ mọ́ ọn? Amọ̀ nìkan máa ń sán bí ó bá gbẹ. Koríko ń fà á mọ́ra, amọ̀ sì ń lẹ koríko pọ̀. Àwọn méjèèjì ni ó ń di ògiri mú.

Ní òkèèrè, wọ́n ń fi òróró ṣe iṣẹ́ amọ̀ yìí. Ní ọdún 1863, Frederick Walton, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ fún linoleum tí a ń tẹ́ sí ilẹ̀ ilé. Ó po òróró lin mọ́ èèpo igi lílọ̀, ó tẹ́ ẹ sórí aṣọ àpò. Òróró lin ń gba afẹ́fẹ́ sára, ó sì ń le bí ọ̀dà. Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ ń sọ òróró sọ́yà di oje líle tí ń lẹ okùn igi pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi àwọn kẹ́míkà sí i.

Ṣé epo pupa lè ṣe bẹ́ẹ̀? Rárá. Ẹ fi díẹ̀ ra pákó. Lọ́jọ́ kejì, yóò ṣì máa yọ̀. Ẹ fi epo pupa se ọbẹ̀ fún àwọn ọmọ yín. Ó dára fún ojú wọn.

Ohun tí ó sàn fún ògiri yín wà nítòsí: èèpo èso igbá tí ẹ ń dà nù lẹ́yìn tí ẹ bá yọ irú. Àwọn Batammariba ní Koutammakou, ní àríwá Togo, ń lò ó láti rẹ́ ilé wọn. Ẹ ṣe é báyìí:

1. Ẹ gún èèpo gbígbẹ, ẹ sè é títí omi yóò fi pọ́n. Ẹ sẹ́ ẹ.
2. Ẹ fi omi náà po amọ̀ tí ẹ ó fi rẹ́ ògiri, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.
3. Bí ó bá gbẹ, ẹ tún fi omi náà ra á lára, lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta.

Omi yìí kò ní jẹ́ kí òjò tètè wẹ amọ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí òrùlé yọ síta dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní apá kan ògiri. Lẹ́yìn òjò, ẹ fi í wé apá kejì.