ÌJÌ ILẸ̀ WA ÀTI ÌJÌ ÒKUN MÉJÌ

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Agége, Ìkejà àti agbègbè wọn, àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù,

Òjò àkọ́rọ̀ a máa bá ìjì dé. Òjò a ṣú dúdú láti ìlà-oòrùn, afẹ́fẹ́ tútù a fẹ́ lójijì, a sì ṣí páànù orí ilé adìyẹ. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ a gbin àgbàdo. Bí ọ̀dá bá wá dá fún ọ̀sẹ̀ méjì, irúgbìn a kú, owó a sì ṣòfò. Oko tí ó kù láàrin àwọn ilé-iṣẹ́ wa kò tóbi. Òfò kékeré kì í ṣe kékeré níbẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí ìjì ti ń wá àti ibi tí ó ń lọ.

1. Ọ̀nà tí ìjì ń gbà

Ní àkókò òjò, ìgbì afẹ́fẹ́ a máa ti ìlà-oòrùn gba òkè ọ̀hún ní àríwá wa kọjá sí ìwọ̀-oòrùn, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì láàrin ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Bí wọ́n bá kọjá etí òkun Senegal, wọ́n a bọ́ sórí Òkun Àtìláńtíìkì. Bí omi ibẹ̀ bá gbóná tó, díẹ̀ nínú wọn a di ìjì ńlá tí ń yí bí ààjà, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní hurricane. Àwọn mìíràn a la Amẹ́ríkà Àárín kọjá kí wọ́n tó di ìjì lórí Òkun Pàsífíìkì. Ẹ má fòyà: ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí wa. Ìjì tiwa kì í yí bẹ́ẹ̀. Ṣe ni ó máa ń tò bí ògiri, tí a sì kọjá kíákíá.

2. Òkun méjèèjì

Òkun méjèèjì yìí dà bí òṣùwọ̀n: bí apá kan bá lọ sókè, èkejì a sábà wálẹ̀. Ní 2015, hurricane 4 péré ni ó jà lórí Àtìláńtíìkì, ṣùgbọ́n 16 ni ó jà ní ìlà-oòrùn àti àárín Pàsífíìkì. Ní 2020, ọ̀ràn yí padà: 14 ní Àtìláńtíìkì, 4 ní Pàsífíìkì.

Ohun tí ó sábà ń fà á ni El Niño, èyíinì ni ìgbà tí omi Pàsífíìkì bá gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà náà, afẹ́fẹ́ òkè a le lórí Àtìláńtíìkì, a sì máa fọ́n ìjì ká kí ó tó dàgbà. Òjò Sahel pàápàá a sábà dínkù. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980 tí ọ̀dá mú Sahel, hurricane tí ó le gan-an kò pọ̀ lórí Àtìláńtíìkì. Láti 1995 ni wọ́n tún ti pọ̀ sí i.

Síbẹ̀, El Niño nìkan kọ́ ni ó ń pinnu òjò wa. Ìgbóná òkun tí ó wà létí ilẹ̀ wa gan-an ní agbára púpọ̀ lórí rẹ̀.

3. Ohun tí ẹ ó ṣe

(a) Ẹ má ṣe gbin àgbàdo nítorí ìjì kan ṣoṣo. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ wò. Bí ọ̀rinrin kò bá tíì wọ ìsàlẹ̀ dáadáa, ẹ dúró de òjò mìíràn.

(b) Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdọọdún, iléeṣẹ́ ojú-ọjọ́ Nàìjíríà, NiMet, a máa kéde bí òjò yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti bí yóò ti parí. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kà á sókè ní ìpàdé.

(d) Kí ìjì tó dé, ẹ kan páànù mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ fi ọ̀pá ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti so, kí ẹ sì la ojú gọ́tà.

Òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀tá. Ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa.