Kì í ṣe ẹni tó bá di kọ́kọ́rọ́ mú ni olùtọ́jú ilé-ìkàwé: Bí iṣẹ́ náà ṣe di ohun tí wọ́n ń kọ́ ní Ìbàdàn

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ nílẹ̀ Yorùbá, bí àlejò bá béèrè ilé-ìkàwé, kọ́kọ́rọ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ wá. Wọn yóò ránṣẹ́ sí tíṣà kan, tíṣà náà yóò ní ọwọ́ igbákejì ọ̀gá ló wà, nígbà tí ilẹ̀kùn bá sì ṣí tán, eruku ni yóò kí àlejò káàbọ̀. Ìwé wà níbẹ̀ o. Èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ fi tọrẹ wà níbẹ̀, èyí tí ìjọba pín wà níbẹ̀, èyí tó ti Ìlú Ọba wá nínú páálí tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tí yóò mú ìwé náà dé ọwọ́ ọmọ tó yẹ kó kà á ni kò sí.

Èyí kò ṣẹ̀yìn èrò tó ti wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń buwọ́ lu owó, pé kí ènìyàn jókòó síbi tábìlì kó máa sọ fáwọn ọmọ pé kí wọ́n dákẹ́, ìyẹn náà ni iṣẹ́ olùtọ́jú ilé-ìkàwé. Tíṣà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá pọ̀, tàbí èyí tí ara rẹ̀ kò bá le, ni wọ́n sábà máa ń gbé kọ́kọ́rọ́ náà lé lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tó ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ni, tó ní ìwé-ẹ̀rí, tó ní ẹgbẹ́, tó sì ní òfin tó ń darí rẹ̀.

Ẹ wo ìwé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde ní ọdún 1938. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ yóò rí ọ̀rọ̀ "ọdẹ" lára ìwé náà, yóò sì tò ó sí àárín àwọn ìwé tó ń sọ nípa ẹranko àti ìbọn. Ọmọ tó ń wá ìtàn àròsọ Yorùbá kò ní dé ibẹ̀ láéláé; ẹni tó sì fẹ́ mọ̀ nípa ìbọn yóò ṣí i, yóò bá Àgbákò pàdé. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ mọ̀ pé lítíréṣọ̀ ni. Bí ilé-ìkàwé rẹ̀ bá ń lo ètò onínọ́ńbà tí Melvil Dewey, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 1876, 896.333 ni yóò kọ sí i lẹ́yìn. Nínú ètò náà, 800 ni ti lítíréṣọ̀, 896 ni ti lítíréṣọ̀ àwọn èdè Áfíríkà, 896.333 sì jẹ́ ti Yorùbá. Ìwé tó ń ṣàlàyé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ yóò wà ní 496.333, nítorí pé 400 ni ti èdè. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà yìí ní Ìbàdàn lè wọ ilé-ìkàwé mìíràn tó ń lo ètò kan náà ní Lọndọn, kó sì rìn tààrà lọ síbi tí ìwé Yorùbá wà láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nọ́ńbà nìkan kọ́. Orúkọ òǹkọ̀wé kan náà lè wà lára ìwé kan pẹ̀lú àmì ohùn, kó wà lára òmíràn láìsí àmì, kí ìwé kẹta kọ orúkọ àbísọ jáde ní kíkún, kí ẹ̀kẹrin fi lẹ́tà méjì péré dípò rẹ̀. Olùtọ́jú ilé-ìkàwé ni yóò kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, kí ẹni tó bá ń wá ọ̀kan lè rí gbogbo rẹ̀. Ní Yorùbá, níbi tí àmì ohùn ti ń yí ìtumọ̀ padà, iṣẹ́ kékeré kọ́ nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, John Harris, tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà ní New Zealand, ni wọ́n mú wá láti dá ilé-ìkàwé rẹ̀ sílẹ̀. Lára ohun tó bá nílẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé tí olóògbé Henry Carr ti Èkó kó jọ nígbà ayé rẹ̀, èyí tí ìjọba rà lẹ́yìn ikú rẹ̀. (Ó pẹ́ díẹ̀, àwọn ìwé àkọsílẹ̀ Herbert Macaulay náà dé sí ilé kan náà. Àwọn àgbà Èkó méjèèjì tí wọn kò rẹ́ rárá nígbà ayé wọn ló wá ń gbé pọ̀ báyìí ní Ilé-ìkàwé Kenneth Dike.) Ní ọdún 1950, òfin kan pàṣẹ pé kí àwọn òǹtẹ̀wé máa fi ẹ̀dà ohun tí wọ́n bá tẹ̀ ní Nàìjíríà ránṣẹ́ sí ilé-ìkàwé náà. Ìwé wá ń wọlé bí òjò, àwọn tó mọ bí a ti ń tò ó kò sì ju ìwọ̀nba lọ.

Ibo ni ọmọ Nàìjíríà yóò ti kọ́ iṣẹ́ náà nígbà náà? Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀kọ́ kan ní Achimota, ní orílẹ̀-èdè tó di Gánà lónìí, ní ọdún 1944, àmọ́ kò tẹ̀síwájú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n dájú ní láti wọkọ̀ lọ sí Ìlú Ọba, tàbí kó máa dá kàwé nílé láti fi múra sílẹ̀ fún ìdánwò wọn. Ní ọdún 1953, àjọ UNESCO pe ìpàdé ńlá kan sí Ìbàdàn lórí ilé-ìkàwé gbogbogbòò ní Áfíríkà, ibẹ̀ sì ni èrò àtidá ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ilé-ìkàwé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ti gbòòrò. Ní 1957, àjọ Carnegie Corporation ti New York rán Harold Lancour wá láti Amẹ́ríkà kó wo bí nǹkan ṣe rí. Ó dábàá pé kí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn fún àwọn tó ti gba oyè yunifásítì. Carnegie náwó sí i, ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1960.

Gbogbo ènìyàn kọ́ ló fara mọ́ ọn. Àwọn kan béèrè pé bí olóyè yunifásítì nìkan bá ń kọ́ṣẹ́, ta ni yóò máa tọ́jú ìwé ní àwọn ìlú kéékèèké? F. A. Sharr, tó kọ ìròyìn lórí ilé-ìkàwé ní Àríwá Nàìjíríà ní 1963, ní tirẹ̀ gbà pé ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wà tí yóò gba àwọn tí kò tíì gboyè. Láti inú èyí ni ilé-ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ti jáde ní 1968. Èrò méjèèjì ló ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó fẹ̀ tó Nàìjíríà nílò ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí Ìbàdàn ṣe nípa àwọn ọmọdé ló yẹ kí àwọn òbí mọ̀ jù.

Felicia Adétòwun Ògúnṣẹ̀yẹ ló wà nídìí rẹ̀. Ìmọ̀ jọ́gíráfì ló kọ́kọ́ kọ́ ní Cambridge, kó tó lọ gba oyè nínú ìmọ̀ ilé-ìkàwé ní Simmons College ní Boston. Ní ọdún 1973, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà. Ní àwọn ọdún 1970 yìí kan náà ló dá ilé-ìkàwé àwọn ọmọdé sílẹ̀ ní Abadina, àdúgbò tí àwọn òṣìṣẹ́ kékeré ń gbé nínú ọgbà yunifásítì. Ọ̀jọ̀gbọ́n lè yan àwọn ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ìwé kún ilé bàbá wọn. Àwọn ọmọ tí òbí wọn ń tún ọgbà ṣe, tí wọ́n ń gbálẹ̀, ló yàn. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ olùtọ́jú ilé-ìkàwé ti ń lọ fi ọwọ́ ara wọn ṣe ohun tí wọ́n kọ́: bí a ti ń ka ìtàn sókè fún ọmọ, bí a ti ń mọ ìwé tó bá ọjọ́ orí mu, bí a ti ń lo àwòrán àti ohùn mọ́ ìwé. Ẹni tó bá ti gbọ́ àlọ́ lábẹ́ òṣùpá rí yóò mọ̀ pé wákàtí ìtàn kì í ṣe ohun àjòjì. Ohun tó yàtọ̀ ni pé nígbà tí ìtàn bá tán ní ilé-ìkàwé, ọmọ lè mú un délé.

Ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ilé-ìkàwé Nàìjíríà dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ní 1962, Ilé-ìkàwé Àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1964. Òfin kejìlá ọdún 1995 ló dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn olùtọ́jú ilé-ìkàwé sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí agbẹjọ́rò àti dókítà ti ní ìwé orúkọ, àwọn náà ní. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé ẹni tó kọ́ṣẹ́ nígbà tí káàdì inú dúrọ́ọ̀ ni a fi ń wá ìwé kò lè fi ìmọ̀ yẹn nìkan ṣiṣẹ́ níbi tí kọ̀ǹpútà ti gba ipò káàdì. Wàhálà ibẹ̀ ni owó. Òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí ìrìnàjò ni yóò fi owó ara rẹ̀ wọkọ̀, yóò san owó ẹ̀kọ́, yóò sì padà sí ibi tí kò ti sí iná láti tan kọ̀ǹpútà tó lọ kọ́.

Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Nàìjíríà, tó kọ́kọ́ jáde ní 1977, sọ pé kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ pèsè owó fún ilé-ìkàwé nínú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì kọ́ àwọn tí yóò máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìwé náà kò ṣòro láti lóye. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá sì lágbára láti gba olùtọ́jú tó gboyè lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tíṣà kan tó nífẹ̀ẹ́ ìwé, kí wọ́n rán an lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ráńpẹ́ nígbà ìsinmi, kí wọ́n sì dín iye kíláàsì tó ń kọ́ kù. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan lórí tábìlì àkókò kò pọ̀ jù. Yóò nílò ìwé àkọsílẹ̀ ńlá méjì: ọ̀kan fún gbogbo ìwé tó bá wọlé, èkejì fún orúkọ ọmọ tó yá ìwé, ọjọ́ tó yá a àti ọjọ́ tó dá a padà. Lópin táàmù, èkejì yìí ni kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ béèrè fún.