Owó Ìfẹ̀yìntì Tí Kò Délé: Ìkìlọ̀ fún Òṣìṣẹ́ ní Jọ́ọ̀sì

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù ní ohun mìíràn tí ó ń retí lọ́jọ́ alẹ́, èyíinì ni owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń ṣiṣẹ́ ní Jọ́ọ̀sì àti Bukuru ni ó ní i lọ́kàn láti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà tàbí Ìbàdàn nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ìbànújẹ́ ńlá ni bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá délé tán kí ó tó mọ̀ pé owó tí a ń yọ lára owó oṣù òun kò dé ibi tí ó yẹ kí ó dé.

Ètò yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1961 ni ìjọba àpapọ̀ dá National Provident Fund sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni. Òfin ọdún 1993 sì fi NSITF rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí iye owó kùsà wó lulẹ̀ lọ́jà àgbáyé ní ọdún 1985, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè Jọ́ọ̀sì. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́, pé iléeṣẹ́ lè kógbá sílé kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó darúgbó.

Ohun tí òfin wí

Òfin ọdún 2004, èyí tí a tún ṣe ní ọdún 2014, ni a ń tẹ̀lé nísinsìnyí. Ó kan àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti iléeṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá pé 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ yóò dá ìdá 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀, agbanisíṣẹ́ yóò sì fi ìdá 10 kún un. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 tí a bá san owó oṣù ni owó náà gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ iléeṣẹ́ tí ń tọ́jú rẹ̀.

Láyé àtijọ́, iye ọdún tí òṣìṣẹ́ ìjọba fi sìn ni a fi ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Lónìí, kìkì ohun tí ó wọ inú àkáǹtì rẹ̀ àti èrè orí rẹ̀ ni yóò jẹ. Nítorí náà, oṣù tí owó kò bá wọlé, èrè ọ̀pọ̀ ọdún ni ó bá a lọ.

Ká ní owó oṣù ẹnì kan, pẹ̀lú owó ilé àti owó ọkọ̀, jẹ́ ₦100,000. ₦18,000 ni ó yẹ kí ó máa wọlé fún un lóṣooṣù. Bí oṣù 6 bá kọjá lásán, ₦108,000 ni gbèsè náà. Agbanisíṣẹ́ tí kò yọ owó, tàbí tí ó yọ ọ́ tí kò fi í ránṣẹ́, yóò san gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú owó ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 2 nínú 100 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ó fi pẹ́. Inú àkáǹtì òṣìṣẹ́ náà ni owó ìtanràn ọ̀hún ń lọ.

Ọ̀nà àtúnṣe

Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ alábòójútó, kí ó sì fi í wé ìwé owó oṣù rẹ̀, oṣù sí oṣù. Bí àlàfo bá wà, kí ó kọ̀wé sí agbanisíṣẹ́, kí ó fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí alábòójútó, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́wọ́. Bí wọn kò bá dá a lóhùn, Àjọ PenCom ní Àbújá ni kí ó fi ẹjọ́ sùn. Láti ọdún 2012 ni àjọ náà ti ń yan àwọn aṣojú tí ń gba irú gbèsè báyìí padà. Ẹni tí ó sì dáwó sí NSITF ṣáájú ọdún 2004 lè béèrè lọ́wọ́ Trustfund, tí a fa owó wọ̀nyẹn lé lọ́wọ́.

Nọ́ńbà àkáǹtì ìfẹ̀yìntì kì í yí padà bí ènìyàn bá kúrò ní Jọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tí ó mọ bí ọ̀ràn ti jẹ́, àti ìwé tí yóò jẹ́ ẹ̀rí, Jọ́ọ̀sì ni wọ́n wà. Igi tí yóò gún ni lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Kí òṣìṣẹ́ tó di ẹrù rẹ̀ fún ìrìn àjò ilé, kí ó kọ́kọ́ rí i dájú pé owó òun ti pé.