Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tó ń mi èèyàn jìgìjìgì: Ẹ wo táyà kí ẹ tó tú sípíríǹgì

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù òfìfo láti Ṣàngó Ọ̀tà, tó gba Ifọ̀ àti Ìtòrí wọ Abẹ́òkúta, ìbàdí rẹ̀ yóò ti ròyìn ọ̀nà náà fún un kó tó dé Láfẹ́nwá. Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ rí fún àgbẹ̀ tó ń kó gààrí àti ẹ̀gẹ́ jáde láti ìgbèríko Ọ̀dẹ̀dá àti Ọbáfẹ́mi Òwódé. Kòtò ń tẹ̀lé kòtò, ọkọ̀ ń fò sókè, ó ń já lulẹ̀, awakọ̀ sì ń di ìdarí ọkọ̀ mú bí ẹni tó ń jìjàkadì.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti fàájì lásán. Ní ọ̀pọ̀ abúlé Ẹ̀gbá, ọkọ̀ tó ń kó irè oko lọ sọ́jà náà ló ń gbé aboyún tó ń rọbí àti àgbàlagbà tí ara rẹ̀ kò yá lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Abà tàbí ti Sacred Heart ní Lántòrò. Ẹni tó ń sin adìyẹ mọ̀ pé ẹyin 30 ló wà nínú kíréètì kan. Bí mẹ́ta bá fọ́ nínú kíréètì kọ̀ọ̀kan kí ọkọ̀ tó dé Èkó, ìdá kan nínú mẹ́wàá ọjà ti ṣòfò nìyẹn. Àwọn ará Yúróòpù kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un: ní ọdún 2002, Àjọ Ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin tó fi gbèdéke sí bí ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ṣe lè mi òṣìṣẹ́ tó lójúmọ́, nítorí pé ó ń ba ẹ̀yìn jẹ́.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò fi máa ń sáré tọ mẹkáníìkì lọ pé kó bá àwọn yọ irin kan tàbí méjì lára sípíríǹgì ẹ̀yìn, kí ọkọ̀ lè rọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí wọ́n parí sí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ táyà àti ṣọ́ọ̀kì ni líle ọkọ̀ wà. Ẹni tó bá sì yọ irin sípíríǹgì lónìí, tó wá kó ẹrù kún ọkọ̀ lọ́la, ewu ló fi owó ara rẹ̀ rà.

KÍ LÓ DÉ TÓ FI LE?

Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà kò mọ iṣẹ́ wọn. Ẹrù ni wọ́n ní lọ́kàn. Ọkọ̀ bíi Toyota Hilux lè gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn àpò sìmẹ́ǹtì 20. Àwọn ńlá tí wọ́n ń kó wọlé ní tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, irú Ford F-250, ń gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sípíríǹgì tó máa gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láì tẹ̀ kanlẹ̀ gbọ́dọ̀ le. Nígbà tí ọkọ̀ bá wá ṣófo, ohun tó ń tẹ sípíríǹgì náà kò tó nǹkan. Kòtò yòówù tí táyà bá wọ̀, ara ẹni tó jókòó ni yóò gbà á.

Àwọn àgbà tó wọ bọ́lẹ́kájà mọ ohun tí à ń wí. Orí ọkọ̀ akẹ́rù bíi Bedford ni àwọn káfíńtà wa ti máa ń kan ilé pákó fún èrò àti ẹrù. Bí ó bá kún dẹ́múdẹ́mú, ó máa ń rọra lọ. Bí ó bá ṣófo, èrò inú rẹ̀ á máa ta bí àgbàdo nínú agbada. Irú irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn lábẹ́ bọ́lẹ́kájà náà ló wà lábẹ́ ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù di òní. Ọgbọ́n ọ̀hún ti pẹ́ láyé: ọdún 1804 ni Obadiah Elliott gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti máa gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lé orí irú irin bẹ́ẹ̀.

TÁYÀ NI KÍ Ẹ KỌ́KỌ́ WÒ

Táyà ló ń kọ́kọ́ pàdé kòtò kí ọ̀rọ̀ tó kan sípíríǹgì. Ọdún 1888 ni John Boyd Dunlop, dókítà ẹran ní ìlú Belfast, gba ìwé àṣẹ fún táyà tí à ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe é fún, kí ó lè rọ ọmọ náà lára. Afẹ́fẹ́ yẹn ni tìmùtìmù ọkọ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, táyà á le bí òkúta.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ wo òpó ibi tí ilẹ̀kùn ń pa dé sí. Bébà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí, ti iwájú lọ́tọ̀, ti ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìwọ̀n ìgbà tí kò sí ẹrù yàtọ̀ sí ti ìgbà tí ẹrù bá kún. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára táyà fúnra rẹ̀ kọ́ ni kí ẹ tẹ̀lé, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù lọ tí táyà lè gbà nìyẹn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà gan-an nìyí. Fọ́kànáísà á béèrè pé mélòó, onímọ́tò á ní kó ṣáà fẹ́ ẹ kó kún dáadáa, ọkọ̀ á wá máa ta bíi bọ́ọ̀lù.

Lára àwọn ọkọ̀ ńlá Amẹ́ríkà, bébà ẹnu ilẹ̀kùn lè sọ pé kí táyà ẹ̀yìn gba 70 tàbí 80 psi. Ẹrù kíkún ni wọ́n ṣe ìṣirò yẹn fún. Bí ọkọ̀ bá máa ṣófo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a lè dín ti ẹ̀yìn kù, ṣùgbọ́n àtẹ ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà gbé jáde la ó tẹ̀lé, kì í ṣe àfojúdá. Lọ́jọ́ tí ẹrù bá tún dé, kí afẹ́fẹ́ padà sí iye rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó di àpò kan sẹ́yìn ọkọ̀.

Kí onímọ́tò ní géèjì tirẹ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù, kí ọkọ̀ tó rìn, ni à ń wọn táyà, torí pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń le sí i bó bá ti gbóná. Ẹni tó bá tú afẹ́fẹ́ táyà gbígbóná dànù yóò rí i lọ́jọ́ kejì pé ó ti dín jù. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá kéré, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa ká, á máa gbóná, ó sì lè bẹ́ lórí eré. Ìrọ̀rùn tó ń mú táyà bẹ́ kì í ṣe ìrọ̀rùn.

Ọjọ́ orí táyà náà ṣe pàtàkì. Láti ìgbà tí Michelin ti ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt lọ́dún 2007, tí Dunlop sì dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà lọ́dún 2008, òkè òkun ni táyà ti ń wá, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ tòkunbọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn àmì DOT lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà tó ti gbó máa ń gan, kì í rọ̀ mọ́, ó sì ń sán.

ṢỌ́Ọ̀KÌ ÀTI BÚṢÌ

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ṣọ́ọ̀kì ló ń gbé ọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sípíríǹgì ló ń gbé e. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni láti dá sípíríǹgì lẹ́kun kó má baà máa fò láìdáwọ́ dúró. Epo kan wà nínú rẹ̀ tó ń gba ihò tín-ín-rín kọjá, ìyẹn ló ń pa agbára fífò náà. Bí epo yìí bá ti jò tán, ọkọ̀ tó wọ kòtò kan ṣoṣo á máa jó lọ sókè sódò títí yóò fi bá kòtò kejì. Nígbà mìíràn, táyà kì í tilẹ̀ kan ilẹ̀ dáadáa, bíréèkì kò sì ní mú bó ṣe yẹ.

Ẹ wo ara ṣọ́ọ̀kì bóyá epo ti rin ín, kí ẹ sì wo táyà bóyá ó ń jẹ ní àbùlà-àbùlà. Bí ẹ bá tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀, tí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, tó sì ń jó ju ìgbà kan sí méjì lọ, ó ti kú. Méjì méjì la máa ń pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, ọ̀tún àti òsì pọ̀. Ẹ ní kí mẹkáníìkì wo rọ́bà búṣì tó wà létí sípíríǹgì pẹ̀lú. Bí ó bá ti jẹ tán, irin á máa gbá irin, ariwo rẹ̀ á sì máa dùn gbàgà-gbàgà bí ẹni pé gbogbo ọkọ̀ ti tú.

KÍ LA Ó WÁ ṢE SÍ SÍPÍRÍǸGÌ?

Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Àwọn irin pẹlẹbẹ yẹn gbọ́dọ̀ máa yọ̀ lórí ara wọn. Bí ẹrẹ̀ bá gan sáàárín wọn, tí wọ́n sì dípẹtà, gbogbo wọn á di irin kan ṣoṣo tí kò ṣe é tẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ rántí bóyá ẹni tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ náà ti fi irin kún un. Àṣà wa ni láti fi irin méjì mẹ́ta kún sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè gbé iṣu tàbí sìmẹ́ǹtì ju iye tí wọ́n ṣe é fún. Irú irin àfikún bẹ́ẹ̀ ṣe é yọ, kí ọkọ̀ padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é.

Èyí tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ yàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ gbọ́dọ̀ gbà pé ọkọ̀ òun kò ní gbé iye ẹrù ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kò sì sí ìdí kankan láti fi iná wẹ́dà jó sípíríǹgì kó lè rọ̀ tàbí kó lè ká. Ọ̀nà tí wọ́n gbà fi iná sè é nílé iṣẹ́ ló fún un lágbára. Iná ẹlẹ́ẹ̀kejì á ba ìyẹn jẹ́, irin náà á sì dá lọ́jọ́ kan lórí eré.

ẸRÙ ÀTI ERÉ

Kí ẹrù tó wúwo jù wà ní iwájú ẹ̀yìn ọkọ̀, nítòsí ibi tí awakọ̀ jókòó, kì í ṣe ní ìdí pátápátá, níbi tí yóò ti máa gbé iwájú ọkọ̀ sókè. Àwọn kan máa ń di àpò yanrìn díẹ̀ sínú ọkọ̀ tó bá ṣófo kó lè rọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n bá so ó mọ́lẹ̀ dáadáa, tí wọ́n sì kà á mọ́ ẹrù. Èèyàn kì í ṣe yanrìn o. Kò yẹ ká kó ọmọ ilé ìwé sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù nítorí pé ọkọ̀ fẹ́ wúwo.

Ní ti eré, àwọn ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ wa kan ti di kẹ̀ǹkẹ̀kẹ̀n bíi páànù ìbolé. Awakọ̀ mìíràn máa ń sáré lórí rẹ̀ kí ọkọ̀ lè fò kọjá lórí àwọn òkè kéékèèké náà. Lóòótọ́ ni ìmì náà ń dín kù, ṣùgbọ́n táyà kò dúró lórí ilẹ̀ mọ́, bíréèkì àti ìdarí kò sì ní gbọ́ràn bí ewúrẹ́ bá já wọ̀nà. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Ọ̀NÀ GAN-AN ŃKỌ́?

Kò sí sípíríǹgì tó lè ṣe iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ará Ifọ̀ àti Ìtòrí ti fi ké gbàjarè lórí òpópónà Èkó sí Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ẹrù àpọ̀jù náà ń dá kún un. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1958 sí 1960 fi hàn pé bí ìwúwo tó wà lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tó ń ṣe fún ọ̀nà ń di bíi ìlọ́po 16. Ẹ wá ro ti ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì tó ti ń jáde ní Ewékorò láti ọdún 1960, àti ti ọkọ̀ òkúta láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ àpáta ní agbègbè Ọ̀dẹ̀dá. Òjò á wá parí èyí tó kù níbi tí kò bá ti sí gọ́tà. Irin tí à ń fi kún sípíríǹgì láti gbé àpọ̀jù ẹrù wà lára ohun tó ń gbẹ́ kòtò tí à ń sá fún.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Lísàbí tó ní ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ tò ó báyìí: géèjì àti táyà ni àkọ́kọ́, owó rẹ̀ ló kéré jù. Ṣọ́ọ̀kì àti búṣì ló tẹ̀lé e. Ẹ fọ sípíríǹgì, kí ẹ yọ àfikún ara rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí ọkọ̀ bá ṣì le, tó sì dá yín lójú pé kò ní gbé ẹrù ńlá mọ́, ìgbà náà ni kí ẹ tó bá mẹkáníìkì sọ̀rọ̀ irin tó bá ọkọ̀ wá. Kí ẹ sì sọ fún dírẹ́bà tó ń wà á pé ohun tí ọkọ̀ náà lè gbé ti dín kù. Òun ni ẹ̀mí rẹ̀ wà lórí ìjókòó iwájú.