Ìlà Abẹ́, Ọfà àti Lẹ́tà Dúdú: Àmì Fẹ́kítọ̀ Nínú Ìkọ́ni ní Yunifásítì

1. Ìfáàrà

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé àwọn àmì tí a fi ń dá fẹ́kítọ̀ mọ̀ nígbà tí a bá ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì, kí a sì fi hàn pé àìka àmì wọ̀nyí sí lè ba òye akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́. Ní ìpele àkọ́kọ́, fẹ́kítọ̀ ni iye tí ó ní ìwọ̀n tí ó sì ní ìhà tí ó kọjú sí, gẹ́gẹ́ bí agbára tí a fi ti nǹkan. Iye tí kò ní ìhà, bí ọjọ́ orí tàbí ìwọ̀n ooru, ni a óò máa pè ní iye lásán.

2. Ibi tí àwọn àmì náà ti wá

Nínú ìwé tí James Clerk Maxwell tẹ̀ jáde ní 1873 lórí iná mànàmáná àti agbára òòfà, lẹ́tà àtijọ́ ti àwọn ará Jámánì ni ó lò fún fẹ́kítọ̀. Oliver Heaviside kò fara mọ́ èyí, nítorí pé àwọn lẹ́tà náà ṣòro láti kà. Lẹ́tà dúdú ni òun yàn, ìyẹn lẹ́tà tí ara rẹ̀ ki ju ti ìyókù lọ. Ìwé E. B. Wilson, tí a gbé ka orí ẹ̀kọ́ J. Willard Gibbs, tẹ̀lé àṣà kan náà ní 1901.

Àṣà yìí dára fún ìwé títẹ̀, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì kò lè kọ lẹ́tà dúdú lórí pátákó. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ fi ń lo àrọ́pò mẹ́ta: ìlà tààrà lábẹ́ lẹ́tà, ìlà wíwọ́ lábẹ́ lẹ́tà, tàbí ọfà lórí rẹ̀. Àwọn atẹ̀wé ni ó ni ìlà wíwọ́: bí ó bá wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ nínú ìwé àfọwọ́kọ, ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà ní dúdú. Ní àwọn ilẹ̀ tí ó ń fi èdè Faransé kọ́ni, ọfà ni ó gbilẹ̀. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti Kétu tàbí Àjàṣẹ́ wá sí yunifásítì ní Nàìjíríà lè bá ìlà abẹ́ pàdé níbi tí ọfà ti mọ́ ọn lójú. Ìlànà àgbáyé ISO 80000-2, tí ó jáde ní 2009 tí a sì tún ṣe ní 2019, gba lẹ́tà dúdú àti ọfà.

3. Ìpalára tí àìlo àmì ń ṣe

Ẹ jẹ́ kí i̲, j̲ àti k̲ jẹ́ fẹ́kítọ̀ mẹ́ta tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1, tí igun àárín èyíkéyìí méjì nínú wọn sì jẹ́ 90°. Bí agbára kan bá jẹ́ F̲ = 3i̲ + 4j̲, ìwọ̀n rẹ̀ ni F = 5. Ẹni tí kò fi ìlà sí i yóò kọ F = 3i + 4j, yóò tún kọ F = 5, ìwé rẹ̀ yóò sì máa sọ pé 5 àti 3i + 4j jẹ́ ọ̀kan náà.

Àpẹẹrẹ kejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ab = ac nínú iye lásán, tí a kì í sì í ṣe òdo, a lè pa a rẹ́ ní ọ̀tún àti òsì, kí a sọ pé b = c. Ṣùgbọ́n a̲ · b̲ = a̲ · c̲ kò fún wa ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi i̲ sí ipò a̲, j̲ sí ipò b̲, k̲ sí ipò c̲: òdo ni ìhà méjèèjì, síbẹ̀ j̲ kì í ṣe k̲. Ìlà abẹ́ ni ó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ létí pé òfin ti yí padà.

4. Nígbà tí àmì bá pòórá

Láti ìgbà tí Giuseppe Peano ti gbé àwọn òfin fẹ́kítọ̀ kalẹ̀ ní 1888, ohunkóhun tí ó bá tẹ̀lé òfin náà lè jẹ́ fẹ́kítọ̀, títí kan ìfihàn bí 2 + 3x − x², èyí tí kò kọjú sí ibì kankan. Nínú ẹ̀kọ́ àwọn ọdún òkè, ọ̀pọ̀ ìwé a máa kọ v lásán, wọn a sì fi lẹ́tà Gíríìkì bí α dúró fún iye lásán. Èyí kò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ àmì ohùn nínú èdè wa. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa lè ka ìwé tí kò ní àmì, kí ó sì mọ̀ bóyá ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀ ni òǹkọ̀wé ń sọ. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè náà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

5. Àgbálọgbábọ̀

Àdéhùn láàárín ẹni tí ń kọ̀wé àti ẹni tí ń kà á ni àmì fẹ́kítọ̀ jẹ́. Èyí tí olùkọ́ bá yàn nínú wọn kò ṣe pàtàkì tó kí ó kéde rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, kí ó sì má yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Bí ó bá sì tó àkókò láti jọ̀wọ́ àmì náà, ó yẹ kí ó sọ ìdí rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà rò pé àìbìkítà ni.