Iná Aláràbarà Inú Kọ̀ǹpútà: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Òbí Mọ̀ Kí Ó Tó Yọ Owó

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ iná ni, èyí tí àwọn ọmọ wa ń fi sínú kọ̀ǹpútà, tí ó ń pọ́n, tí ó ń yí padà di àwọ̀ ewé, tí ó sì tún ń di aró kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. RGB ni wọ́n ń pè é.

Ó tó ìgbà mélòó kan tí àwọn òbí ti bi mí léèrè ìwúlò rẹ̀, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kì í jìnnà sí mi níbi iṣẹ́. Bàbá kan tilẹ̀ wí fún mi lẹ́yìn ìpàdé pé, "Akọ̀wé, ṣé iná yìí ni yóò máa bá wọn tẹ ìwé ni?" Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè bàbá náà kò ṣeé fi rẹ́rìn-ín nù, nítorí pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ó wà nínú ilé wọn. Òun ni ọmọ fi ń tẹ ìwé fún àwọn ará ọjà, òun ni ó fi ń kọ fọ́ọ̀mù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, owó ibẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń san owó ilé. Bí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ bá jó nítorí ọ̀ṣọ́, ebi ni yóò kàn.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní gbangba pé iná yìí kò lè mú kọ̀ǹpútà yára ju bí ó ti wà lọ. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé ó ń mú un yára, ọjà ni ó ń tà. Ọ̀ṣọ́ ni, gẹ́gẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ ti jẹ́ ọ̀ṣọ́ ọrùn. Èmi kò sì rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ọ̀ṣọ́. Àwa tí a ń ra aṣọ ẹbí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù kan, kò yẹ kí á bá ọmọ jà nítorí pé ó fẹ́ kí ohun tí ó ń jókòó tì láti òwúrọ̀ dalẹ́ dára lójú òun. Àìmọ̀ ni mo ń bẹ̀rù.

Lẹ́tà mẹ́ta yẹn dúró fún pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró. Nínú gílóòbù kékeré kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò tó ẹ̀wà, iná mẹ́ta ló wà, ọ̀kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. A lè mú kí iná kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ dé ìwọ̀n 256, bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo títí dé 255. Bí ẹ bá sọ 256 di púpọ̀ lọ́nà 256, tí ẹ tún sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 256 lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó rí 16,777,216. Iye àwọ̀ tí ó lè mú jáde nìyẹn. Ní ọdún 1962 ni Nick Holonyak ará Amẹ́ríkà ṣe LED pupa tí ojú lè rí, ṣùgbọ́n ti àwọ̀ aró kò tètè bọ́ sí i. Àwọn ará Japan mẹ́ta, Akasaki, Amano àti Nakamura, ni wọ́n jìyà rẹ̀ títí ó fi yọrí. Ọdún 1993 ni Nakamura gbé èyí tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa jáde ní ilé iṣẹ́ Nichia, wọ́n sì fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2014. Gílóòbù LED funfun tí a ń tàn sínú yàrá wa lónìí, àwọ̀ aró yìí ni ó wà nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní ti àwa òṣìṣẹ́ rélùwéè, pupa ni dúró, àwọ̀ ewé ni máa lọ, a kò sì fi í ṣeré. Nítorí náà, nígbà tí mo kọ́kọ́ rí kọ̀ǹpútà tí ó pọ́n láti òkè délẹ̀, ohun tí ó wá sí mi lọ́kàn ni pé ewu ń bẹ níwájú.

Ewu náà sì ń bẹ lóòótọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ibi tí ó kàn yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Oríṣi iná méjì ni wọ́n ń tà lọ́jà, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkínní ń lo fóltì 12, ibi tí wọ́n ń kì í sí lára mọ́dábọ́ọ̀dù sì ní abẹ́rẹ́ mẹ́rin lórí ìlà kan. Gbogbo gílóòbù tí ó wà lórí okùn irú èyí ni yóò ní àwọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá pọ́n, gbogbo wọn ti pọ́n. Èkejì ń lo fóltì 5, abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni tirẹ̀, àlàfo kan sì wà láàárín wọn bí ẹnu ọmọ tí eyín kan ti yọ. ARGB ni wọ́n ń pe èyí. Nínú rẹ̀, gílóòbù kọ̀ọ̀kan ní ọpọlọ kékeré tirẹ̀, nítorí náà ọ̀kan lè pọ́n kí èkejì rẹ̀ dúdú bí aró. Bí iṣẹ́ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn dà bí ìgbà tí wọ́n ń gbé àwo oúnjẹ kọjá láàárín àlejò níbi ìkómọ. Ẹni àkọ́kọ́ yóò mú tirẹ̀, yóò sún àwo sí ẹnì kejì, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹyìn.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá ki iná olófóltì 5 bọ abẹ́rẹ́ olófóltì 12, yóò jó lójú ẹsẹ̀. Kò ní ṣe ẹ̀ẹ́fín púpọ̀, kò sì ní kígbe. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa ra fáànù oníná mẹ́ta. Ẹni tí ó tà á fún un wí pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, kí ó ṣáà ti wọlé. Nígbà tí kò wọlé dáadáa, ó fi agbára tẹ̀ ẹ́. Fáànù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń yí títí di òní, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn, ṣùgbọ́n iná wọn kò tàn ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Owó tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ ni. Nítorí náà, bí ohun kan kò bá wọlé pẹ̀lẹ́, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ẹ ṣí ìwé tí ó bá mọ́dábọ́ọ̀dù wá, ẹ wo orúkọ tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ náà. Lára bọ́ọ̀dù MSI, JRGB ni olófóltì 12, JRAINBOW sì ni olófóltì 5. Lára Gigabyte, LED_C ni olófóltì 12, D_LED sì ni olófóltì 5. Bí ìwé ti sọnù, ẹ lè rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orúkọ tí a tẹ̀ sára bọ́ọ̀dù náà.

Ẹlòmíràn yóò wí pé kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni tòun, ti ọ́fíìsì òyìnbó, bí irú HP tàbí Dell. Púpọ̀ nínú irú àwọn wọ̀nyí kò ní abẹ́rẹ́ iná kankan rárá, kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Àpótí kékeré kan wà tí ó ń gba iná láti ara waya SATA ti páwà páàkì, tí ó sì ní rìmóòtù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí, èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ilé tí owó kò pọ̀ sí ni okùn iná tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kọ̀ǹpútà tàbí abẹ́ tábìlì, tí a sì ń kì bọ ihò USB. A kò tú nǹkan kan, a kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù, bí ó bá sì bàjẹ́, òun nìkan ni ó bàjẹ́. Kí okùn náà ṣáà má gùn jù, nítorí pé ihò USB 2.0 kò jẹ́ fún ènìyàn ju ìdajì ámpù lọ, ti USB 3.0 kò sì ju 0.9 lọ.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀ níhìn-ín. Bí gílóòbù olófóltì 5 kan bá tan funfun tí ó mọ́lẹ̀ dé òpin, ó lè gba ìwọ̀n 0.06 ámpù. Bí okùn kan bá ní 60 gílóòbù, 3.6 ámpù nìyẹn, èyí tí í ṣe wáàtì 18. Bẹ́ẹ̀ ni 3 ámpù ni ìwé púpọ̀ nínú àwọn mọ́dábọ́ọ̀dù kọ fún abẹ́rẹ́ kan. Ẹrù ti pọ̀ ju kẹ̀kẹ́ lọ. Kí ọmọ dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù sí ìdajì, tàbí kí ó ra okùn kúkúrú. Ní ti epo jẹnẹrétọ̀, ẹ má fòyà. Wáàtì 15 tàbí 18 kò ju gílóòbù LED ńlá kan nínú ilé lọ. Ohun tí ń pa kọ̀ǹpútà ní ìlú wa ni iná mọ̀nàmọ́ná tí ó lọ tí ó sì fi ìbínú padà dé. Nítorí náà èmi ò ní fẹ́ kí òbí kan fi kọ́bọ̀ ra iná aláràbarà nígbà tí kò tíì sí UPS tàbí stabilizer tí ó dára lábẹ́ tábìlì. Kí a kọ́kọ́ kan ìlẹ̀kùn kí a tó kun ilé.

Àwọn tí wọ́n bá fẹ́ fáànù oníná, ọ̀rọ̀ tiwọn tún yàtọ̀. Waya méjì ni ó wà lára rẹ̀, ọ̀kan tí ń yí i, èkejì tí ń tàn án. Ojú tí ó lẹ́wà lára fáànù ni ó sábà máa ń fa atẹ́gùn, ẹ̀yìn tí igi rọ́bà gbá lójú sì ni atẹ́gùn ń gbà jáde. Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń yí i padà kí ojú rírẹwà lè kọjú sí wọn, wọn kò mọ̀ pé atẹ́gùn náà ti yí padà pẹ̀lú. Bí gbogbo fáànù bá wá ń tú atẹ́gùn síta, ibo ni tútù yóò gbà wọlé? Inú kéèsì yóò gbóná bí ààrò. Wọ́n ti ń ṣe irú èyí tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ dojú kọ òdì nítorí ìdí yìí gan-an, ṣùgbọ́n kí ẹ bèèrè kí ẹ tó rà á.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọyẹ́, tí àwa ará òkè ọ̀hún yìí mọ̀ ju àwọn ará wa ní Èkó lọ. Ní Kánò, ní Jọ́ọ̀sì, ní Kàdúná, afẹ́fẹ́ a máa gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ ọ̀rá yóò máa dún tatata nígbà tí a bá ń bọ́ ọ. Iná kékeré tí ń ta ènìyàn lọ́wọ́ nígbà yẹn lè pa mọ́dábọ́ọ̀dù láìsí ariwo. Nítorí náà, kí ẹni tí yóò tú kọ̀ǹpútà pa á, kí ó yọ waya kúrò lára ògiri, kí ó tẹ bọ́tìnnì ìtanná lẹ́ẹ̀kan kí ìyókù iná lè tán. Kí ó má dúró lórí rọ́ọ̀gì. Kí ó fọwọ́ kan irin kéèsì níbi tí ọ̀dà kò sí kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀, kí ó sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lóòrèkóòrè. Ní ti páwà páàkì fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u. Iná a máa wà nípamọ́ nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ waya.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wà ní ipò rẹ̀, ètò inú kọ̀ǹpútà ni wọn yóò fi yan àwọ̀. ASUS ní Aura Sync, MSI ní Mystic Light, Gigabyte ní RGB Fusion, Corsair ní iCUE. Ẹ má kó méjì tàbí mẹ́ta wọn sínú kọ̀ǹpútà kan, nítorí pé wọn yóò máa jà sí iná kan náà bí orogún. OpenRGB wà tí a kì í san owó fún, ó sì mọ ọ̀pọ̀ oríṣi. Windows 11 pàápàá ti ní tirẹ̀ láti ọdún 2023. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ní wárápá, kí wọ́n má lo èyí tí ń ṣẹ́jú wàràwàrà. Kí ó dúró sójú kan. Ní alẹ́, kí wọ́n dín àwọ̀ aró kù, nítorí pé òun ni ó máa ń lé oorun lọ jù.

Bí a bá ti so ó tán tí kò sì tàn, kí ọmọ má tíì sáré padà lọ bá ẹni tí ó tà á. Kí ó kọ́kọ́ wo ọfà kékeré tí ó wà lára ẹnu waya náà. Abẹ́rẹ́ tí a kọ 5V tàbí 12V sí nínú ìwé ni ọfà yẹn gbọ́dọ̀ kọjú sí. Bí ó bá sì jẹ́ okùn ARGB ni ó gé, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojú ìlà bàbà ni ó ti gé e, àti bóyá ibi tí a kọ DIN sí ni ó so mọ́ waya, nítorí pé apá kan ṣoṣo ni iṣẹ́ ń gbà wọlé sínú rẹ̀.