Èkó gba ẹrù lọ́wọ́ wọn, Ṣódẹkẹ́ gbà wọ́n lálejò

Ẹni tó bá gba Ìsàlẹ̀ Gángan kọjá lọ́jọ́ ọjà, tó já sí Ìdúmàgbò, tó sì forí lé apá Ìgà Ìdúngànrán, kò ní í rí ohun tí yóò sọ fún un pé ìgbà kan wà tí ẹ̀rù erékùṣù yìí ń ba ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ gba ojú òkun wọlé. Ariwo ọlọ́jà àti ti alábàárù ló gba gbogbo àdúgbò kan. Àlejò tí kò mọ̀nà yóò béèrè, wọn yóò sì júwe fún un. Ní ọdún 1839, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọdún náà ni àwọn Yorùbá kan tó wà ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, gbéra pé ilé ti tó lọ. Ogun ló kó wọn nílé, wọ́n tà wọ́n sínú ọkọ̀ ẹrú, ọkọ̀ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú agbami, ó kó wọn lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di onígbàgbọ́, tí wọ́n kọ́ ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́, tí àwọn mìíràn sì di oníṣòwò. Àwọn kan tí ọwọ́ wọn tẹ nǹkan ra ọkọ̀ kan tí wọ́n fi ń kó ẹrú tẹ́lẹ̀, tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé. Queen Victoria ni orúkọ rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Ọkọ̀ ẹrú ni ẹni tó jẹ́ ẹrú lánàá wọ̀ padà wá sílé.

Ayé Ọba Olúwọlé ni l'Ékòó nígbà náà, òwò ẹrú sì ń lọ ní pẹrẹu. Àwọn kan nínú àwọn Sàró tó ń bọ̀ wálé gba Èkó gúnlẹ̀, nítorí ọ̀nà ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni. Gbogbo ohun tí wọ́n kó bọ̀ láti Freetown ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn níbẹ̀, ohun tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ kó jọ. Ẹ̀mí wọn nìkan ni wọ́n ní kí wọ́n máa gbé lọ. Nígbà tí ìròyìn náà dé etí àwọn tó kù, Àgbádárìgì ni wọ́n ń gbà wọlé. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Àwọn wọ̀nyí kì í tilẹ̀ ṣe àlejò pátápátá, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ pẹ̀lú àwọn tó jà wọ́n lólè.

Ọwọ́ òfo ni wọ́n fi dé Abẹ́òkúta. Ẹni tó gbà wọ́n níbẹ̀ ni Ṣódẹkẹ́, olórí ogun àwọn Ẹ̀gbá. Kì í ṣe onígbàgbọ́, kò sì tíì sí ṣọ́ọ̀ṣì kankan nílùú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ kí ènìyàn máa sá kiri láìnílé. Òun ló kó àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti fọ́ ìlú wọn wá sábẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830. Ìlú àwọn asásálà ni Abẹ́òkúta, kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó nígbà tí àwọn Sàró wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ọmọ tí wọ́n ti kà kún òkú ń wọlé wá, ó ń wá ìyá rẹ̀ kiri. Ṣódẹkẹ́ kò béèrè ẹrù tí kò sí lọ́wọ́ wọn, ó fún wọn ní ibi tí wọn yóò gbé.

Àwọn Sàró yìí ló ránṣẹ́ sí Freetown pé kí wọ́n fi òjíṣẹ́ Ọlọ́run ránṣẹ́ sí àwọn. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì láti Cape Coast. Òyìnbó ni ìyá rẹ̀, aláwọ̀ dúdú ni bàbá rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, ó mú ọ̀nà Abẹ́òkúta pọ̀n, Ṣódẹkẹ́ sì rán àwọn ẹlẹ́ṣin jáde lọ pàdé rẹ̀. Ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ẹni tí kò rí rí. Freeman ń kó ìròyìn ayọ̀ lọ fún wọn, àlejò ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é ná.

Nígbà tó padà dé Àgbádárìgì ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, ó bá Henry Townsend ti ìjọ CMS níbẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ṣe Kérésìmesì ọdún náà ni. Freeman ròyìn Ṣódẹkẹ́ fún un, Townsend náà sì gbéra. Ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní ọdún 1843 ló wọ Abẹ́òkúta, pẹ̀lú Andrew Wilhelm, ọmọ Ẹ̀gbá tó ti di onígbàgbọ́ ní Sàró. Bí wọ́n ṣe gba Freeman ni wọ́n gba òun náà.

Ká sọ òótọ́, Ṣódẹkẹ́ kì í ṣe ọmọdé nínú ọ̀rọ̀ ìlú. Ọ̀tá yí Abẹ́òkúta ká, ó ń fẹ́ ọ̀nà tí yóò já sí òkun, ó sì mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òyìnbó lè wúlò. Àwọn kan ti tìtorí èyí sọ pé ọgbọ́n òṣèlú lásán ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni Sàró tí wọ́n ti gba gbogbo ẹrù rẹ̀ l'Ékòó fẹ́ wúlò fún? Àwọn yẹn ló kọ́kọ́ gbà, kí òyìnbó kankan tó dé.

Townsend ṣèlérí pé òun yóò padà wá. Oṣù kìíní ọdún 1845 ni òun, Gollmer àti Samuel Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ìròyìn tí wọ́n bá níbẹ̀ ni pé Ṣódẹkẹ́ ti kú. Ọ̀nà dí, nǹkan bí ọdún kan àtààbọ̀ ni wọ́n fi jókòó sí Àgbádárìgì. Àjàyí yìí, Èkó ni wọ́n ti kó o sínú ọkọ̀ ẹrú lọ́dún 1822. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, nílùú tí Ṣódẹkẹ́ tẹ̀ dó, ó fojú kan Àfàlà ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ibi tí ìtàn náà wá yí sí ni ọ̀pọ̀ kì í sọ. Ìjà dé láàárín àwọn aláṣẹ Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ti gba Èkó ní ọdún 1861. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867, wọ́n ya bo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Abẹ́òkúta, wọ́n kó wọn lẹ́rù, wọ́n sì ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Townsend fi ń tẹ Ìwé Ìròyìn jẹ́. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ náà títí dòní. Àwọn onígbàgbọ́ tún di ìsáǹsá. Glover tó ń ṣàkóso Èkó pín ilẹ̀ fún wọn ní Ẹ́bùté-Mẹ́ta, ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé.

Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí wọ́n jà lólè l'Ékòó nígbà ayé Olúwọlé bá wà láàyè, tó sì wà lára wọn lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí wọn yóò gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Èkó ló sá wá.